Mo Ní Etí Agbẹ̀bí Ló Bàjẹ́

Ẹ̀yin ọmọ agbẹ̀bí, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́, torí ọwọ́ mi kò lè di bírò mú mọ́. Kíndìnrín mi méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iṣẹ́ dúró. Dókítà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ fún mi, bó ṣe rọra ń sọ ọ́ yẹn gan-an ni mo fi mọ̀ pé kò sí ọ̀nà mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri nínú mi, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ inú sàréè. Ohun tí mo sọ nípa màmá yín ní kọ́ọ̀tù, irọ́ ni. Ohun tí mo tún wá sọ fún wọn lẹ́yìn kọ́ọ̀tù, níbi tí kò ti sí ẹlòmíì, ó burú ju ti kọ́ọ̀tù lọ. Màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú, tó máa ń gbé ẹ̀rọ dúdú kan tó dà bíi rédíò kékeré lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wọn ariwo. Bí ariwo bá ń da àdúgbò kan láàmú, àwọn èèyàn á kọ̀wé sí ọ́fíìsì wa, èmi á gbé ẹ̀rọ mi lọ, màá wọ̀n ọ́n, màá kọ iye tó jẹ́ sílẹ̀. Òfin tí a ń lò sọ pé níbi tí èèyàn ń gbé, ariwo ọ̀sán kò gbọdọ̀ kọjá ọgọ́ta lórí ẹ̀rọ yẹn. Nọ́ńbà tí mo bá kọ ni ọ̀gá mi ń gbà, òun náà ni adájọ́ ń gbà. Iṣẹ́ yẹn sọ mí di ẹni tó ń fura sí gbogbo èèyàn. Ẹni tó mú ẹjọ́ wá, mo gbà pé ó ń fi kún un. Ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn, mo gbà pé ó ń parọ́. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí òun bá kí mi káàárọ̀, màá kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé wò ó bóyá ilẹ̀ ti mọ́ lóòótọ́.

Lẹ́tà màmá yín dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ Ajé kan. Ó ṣe ṣókí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti fẹ̀yìn tì, pé ilé iṣẹ́ tó ń tẹ páànù di abọ́ àti ìdérí ìkòkò ti wá sí ẹ̀yìn ọgbà àwọn láti ọdún méjì, pé ẹ̀rọ ibẹ̀ ń lu nǹkan láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti rọlẹ̀ lára àwọn tẹ́lẹ̀ ti tún gbéra, dókítà sì ní kí àwọn wá ibi tó dákẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ilé yẹn nìkan ni àwọn ní. Mo ka orúkọ ilé iṣẹ́ náà, mo tún un kà. Ibẹ̀ ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ti ń ṣe fọ́máànù. Òun ló ń darí ẹ̀rọ ńlá náà gan-an. Ó yẹ kí n gbé lẹ́tà náà padà fún ọ̀gá mi, kí n ní ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, kó yan ẹlòmíì. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n lọ wò ó ná. Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti kọ́kọ́ yẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì sí ẹni tó bẹ̀ mí ní ohunkóhun.

Màmá yín fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ rántí bí pálọ̀ yẹn ṣe rí: wọ́n ti fi fóòmù dí gbogbo eteetí fèrèsé, wọ́n sì ta aṣọ nípọn nípọn bo ògiri tó kọjú sí ọgbà. Wọ́n bu omi sínú ife, wọ́n gbé e ka orí tábìlì, wọ́n kàn fọwọ́ júwe rẹ̀ fún mi. Ojú omi náà ń gbọ̀n. Gbì. Á dákẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá mí sínú tó sì mí síta, gbì tún ni. Mo gbé ẹ̀rọ mi sórí ìdúró rẹ̀, mo tàn án. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, pẹ̀lú gbogbo fèrèsé ní títì. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sọ fún mi pé àwọn fi ọdún méjìdínlógójì gbẹ̀bí. Wọ́n mú fèrè onígi kékeré kan wá, èyí tí wọ́n máa ń gbé lé ikùn aboyún láti gbọ́ bí ọkàn ọmọ inú ṣe ń lù. Wọ́n ní nínú yàrá tí obìnrin mẹ́rin ti ń rọbí tí gbogbo wọn ń ké, àwọn á gbọ́ ọkàn ọmọ náà lábẹ́ ariwo, àwọn á sì mọ̀ bóyá ó ń sáré jù tàbí ó ń rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹni tí kò lè fara da ariwo, ṣùgbọ́n ariwo àwọn aláboyún máa ń tán, ọmọ á dé, ilé á dákẹ́. Èyí kì í tán. Wọ́n wá wo ẹ̀rọ mi bí ẹni pé ó lè fèsì, wọ́n sì bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé òun náà gbọ́ ọ?”

Mo ní, “Ó gbọ́ ọ, Màmá. Ó gbọ́ ọ dáadáa.”

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, èjìká wọn wálẹ̀. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní ẹlòmíì kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn láti ọdún méjì.

Mo jáde, mo yípo lọ sí géètì ilé iṣẹ́ náà. Àbúrò mi ti rí mi, ó ti dúró dè mí. Kò bẹ̀ mí o. Ó kàn ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ka ìròyìn, pé èèyàn méjìlélógójì ló ń jẹun lórí ẹ̀rọ yẹn, pé bí ìjọba bá ti ilẹ̀kùn, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kó máa lọ sílé, pé ìyàwó òun sì ti lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe.” Bó bá bẹ̀ mí ni, bóyá ǹ bá gbaná jẹ, kí n kọ̀. Máníjà wọn náà jáde wá, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, kò tètè tú ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àṣé ẹ̀gbọ́n fọ́máànù àwọn ni mí, pé inú òun dùn láti mọ̀. Kò fún mi ní nǹkan kan. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tó o: àbúrò mi ni.

Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀sùn sí màmá yín lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́ èèyàn burúkú kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo bi ara mi pé kí ló dé tí wọ́n fi dúró fún ọdún méjì kí wọ́n tó kọ̀wé? Ta ló ń tì wọ́n lẹ́yìn? Ìwọ ọmọ wọn ọkùnrin, mo wádìí rẹ. Mo gbọ́ pé iṣẹ́ àwọn tó ń bá èèyàn ta ilé lò ń ṣe, mo ní ẹ̀hẹ́n, ilẹ̀ ilé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń wá, wọ́n fẹ́ lé wọn kúrò kí wọ́n tà á. Kò sí ẹ̀rí kankan. Mi ò wá ẹ̀rí. Ìfura yẹn dùn mọ́ mi nínú, mo fi ṣe ìrọ̀rí, mo sùn lé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ méjìdínlọ́gọ́ta sínú ìwé.

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Àṣé màmá yín ò ní gbà. Wọ́n lọ bá lọ́yà kan, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Lọ́yà yẹn kò sọ pé ariwo ń dí àgbàlagbà lọ́wọ́ oorun. Ó ṣí ìwé òfin ńlá, ó kà á síta pé gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, ó ní orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni òun dúró lé. Lọ́yà ilé iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni ariwo yìnbọn fún? Ọmọbìnrin náà ní ẹni tó bá ń bu májèlé díẹ̀díẹ̀ sínú omi ẹlòmíì kò yìnbọn, ṣùgbọ́n ó ń pa á. Ó gbé ìwé dókítà sílẹ̀, ó fi hàn bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ màmá yín ṣe rí kí ẹ̀rọ náà tó dé àti bó ṣe rí báyìí. Adájọ́ gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́tí. Ó ní bí ẹ̀rí bá wà pé ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n tún un wọ̀n, kí lọ́yà màmá yín wà níbẹ̀, kí èmi nìkan sì mọ ọjọ́ náà títí di àárọ̀ tí a bá ń lọ.

Mo sọ ọjọ́ náà fún àbúrò mi. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti fi rọ́bà nípọn sábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì ń fi ìdajì agbára tẹ páànù tó tinrín jù. Ẹ̀rọ mi mú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta wá. Màmá yín dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú pálọ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ kọ́ nìyí. Lọ́yà kò bá mi jiyàn. Ó wo nọ́ńbà, ó wò mí, ó wá bi mí pé, “Ọ̀gá, ẹ̀yin mélòó lẹ mọ̀ pé òní la máa wá?” Mo ní èmi nìkan ni. Ó kọ ìdáhùn mi sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìlà yẹn ti wọ̀ mí lára. Bí fóònù bá dún, mo rò pé òun ni. Bí ọ̀gá mi bá pè mí, mo rò pé ó ti mọ̀.

Ìgbà tí nọ́ńbà já wọn kulẹ̀ ni màmá yín mú ìwé àkọsílẹ̀ wọn jáde. Ìwé ọmọ iléèwé méjì ni, wọ́n fa ìlà sí i dáadáa bí ìwé ọsibítù: ọjọ́, wákàtí tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, wákàtí tó dúró, bí ìfúnpá wọn ṣe rí. Ọdún méjì odindi. Lọ́yà ní kí wọ́n fi wé ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń kọ wákàtí iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀. Adájọ́, tí kò mọ̀ pé ọmọ ìyá mi ni fọ́máànù, gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò sí lẹ́yìn ẹnì kankan ṣe é. Èmi ni.

Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi láàárọ̀, mo gbé ìwé méjèèjì ka iwájú mi. Ẹ̀yin ọmọ, ó bára mu. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni wọ́n fi ń yàtọ̀. Ọjọ́ tí àbúrò mi kọ ọ́ pé ẹ̀rọ bàjẹ́, màmá yín kọ ọ́ pé: “Òní dákẹ́. Mo sùn lọ́sàn-án. Mo lálàá.” Mo ka ìlà yẹn tó ìgbà mẹ́ta. Mo sì pe àbúrò mi pé kó ra ìwé tuntun wá. Ọjọ́ mẹ́ta la fi kọ ìwé iṣẹ́ ẹ̀rọ míì. Èmi ni mò ń pè é, òun ló ń kọ ọ́. A yí ọjọ́ padà, kó lè dà bí ẹni pé ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ọjọ́ tí màmá yín kọ ariwo sílẹ̀. Mo ní kó máa pààrọ̀ bírò, kí àwọ̀ má báa jẹ́ ọ̀kan náà. Mo da tíì díẹ̀ sí etí ìwé kó lè dà bí èyí tó ti pẹ́. Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi dá ọwọ́ dúró. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ohun tí à ń pe ìyá yìí báyìí?” Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ. Nígbà tí a parí, mo ní kó sun ti àkọ́kọ́ níná.

Ẹ wà ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ tí mo búra. Lọ́yà ilé iṣẹ́ bi mí pé kí ni mo rò pé ó fà á tí ìyá yìí fi ń kọ ariwo sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Mo ní ó lè jẹ́ pé etí wọn ló ń dún, pé àgbà lè máa gbọ́ ohun tí kò sí. Mo fi ohùn àánú sọ ọ́. Mo rí ìwọ ọkùnrin tí o tẹ orí ba. Ìwọ obìnrin, o di ọwọ́ wọn mú, ṣùgbọ́n o fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò wọ́n. Mo mọ irú ìwò yẹn, òun ni mo fi ń wo gbogbo èèyàn. Ìfura ti wọ̀ ọ́ nínú, èmi ni mo sì fi síbẹ̀. Adájọ́ ní ọ̀rọ̀ òfin tí lọ́yà sọ dá òun lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò sí, ó sì da ẹjọ́ náà nù.

Mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn pé ẹ ti mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń wo àrùn ọpọlọ, pé wọ́n ti ń lo oògùn, pé wọn kì í sọ fún yín mọ́ bí wọ́n bá gbọ́ nǹkan. Ẹ má fi bú ara yín. Ẹni tó búra lẹ gbà gbọ́.

Ohun tí ẹ kò mọ̀ rèé. Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ìdájọ́, màmá yín wá sí ọ́fíìsì mi, àwọn nìkan, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n ti rù. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé báàgì dúdú kan lé orí itan, wọ́n sì di ẹnu rẹ̀ mú. Wọ́n ní àwọn kò bá ti ẹjọ́ wá. Wọ́n ní, “Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wá, o ní ẹ̀rọ rẹ gbọ́ ọ. Èmi àti ìwọ nìkan la wà níbí. Sọ òótọ́ fún mi, mi ò ní sọ fún ẹnì kankan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá etí mi ni.”

Báàgì yẹn ni mò ń wò. Mo ní lọ́kàn mi pé lọ́yà ló rán wọn. Mo rò pé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi di ẹnu rẹ̀ mú. Àgbàlagbà jókòó síwájú mi, ó ń bẹ̀ mí kí n dá orí rẹ̀ padà fún un, báàgì ni mò ń ṣọ́. Mo ní, “Màmá, etí yín ni. Ẹ rọra máa lo oògùn yín.”

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n ṣe fẹ́ fa áńkáṣífù yọ láti nu ojú, báàgì náà yọ̀ bọ́ lórí itan wọn, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Páálí oògùn méjì, awò ojú, fèrè onígi yẹn. Kò sí nǹkan míì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bá wọn ṣà á. Mo gbé fèrè náà lé wọn lọ́wọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, mo sì ní àyè láti pè wọ́n padà. Mi ò pè wọ́n.

Ẹ mọ bó ṣe parí. Wọ́n ṣubú nínú ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ kan. Obìnrin tó háyà yàrá ẹ̀yìn wà nílé, ògiri kan ló là wọ́n láàárín, kò gbọ́. Ìgbà tí ẹ̀rọ dúró ní agogo méjìlá kí àwọn òṣìṣẹ́ lè jẹun ló tó gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Nígbà tó débẹ̀, màmá ṣì lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń pè é. Wọn ò dé ọsibítù. Àbúrò mi wà lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n ń gbé wọn jáde, òun ló wá sọ fún mi, kò sì lè wojú mi. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni lọ́yà yẹn sọ: ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú ni, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mi ò jẹ́ kí ìyè wọlé.

Àbúrò mi kò gbọ́ràn mọ́ báyìí. Ẹ̀rọ yẹn ti gba etí rẹ̀ méjèèjì, ilé iṣẹ́ sì ti ní kó máa lọ. Nígbà tí àìsàn mi le, mo lọ bá a, mo kọ ọ́ sórí ìwé pé mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ó kà á, ó dìde, ó lọ sí ìdí àpótí aṣọ rẹ̀, ó gbé nǹkan kan tí ó fi ọ̀rá dì jáde. Ìwé iṣẹ́ ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ni. Kò sun ún. Ó ní òun fura sí mi, pé bí ọ̀rọ̀ bá tú, màá ní òun nìkan ló ṣe é. Ọmọ ìyá mi mọ̀ mí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ti ní kí n ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, èmi àti òun lọ búra tuntun níwájú lọ́yà màmá yín. Kò bọ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí bóyá ẹnì kan ló tún rán mi, mi ò sì lè bínú sí i. Ẹ̀rọ ṣì ń lù ní ẹ̀yìn ọgbà yín. Mo gbọ́ pé tọkọtaya kan ló háyà ilé náà, ọmọ wọn kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Lọ́yà ní torí ọmọ yẹn àti gbogbo àdúgbò, òun máa tún gbé ẹjọ́ náà dìde. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó gba iṣẹ́ mi pé: bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ẹ jáde ní yàrá náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ti rí àwáwí.

Ọmọ mi tó ń kọ ọ́ ti dá ọwọ́ dúró báyìí. Ó bi mí bóyá irọ́ míì wà tí mo ti pa fún òun. Mo ní kò sí. Ó wò mí pẹ́, mo sì rí i pé kò dá a lójú. Ẹ ò rí i bí ìfura ṣe ń ràn?

Ẹ̀yin ọmọ agbẹ̀bí, kọ́ọ̀tù máa jókòó ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀. Bí mo bá ṣì wà, wọ́n á gbé mi wá. Bí mi ò bá sí, ẹ má fi ìyẹn jókòó sílé. Mi ò ní kí ẹ gbà mí gbọ́, ẹ ti gbà mí gbọ́ rí, ẹ sì rí ohun tó fà. Ìwé méjì tí màmá yín kọ ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Ẹ gbà á, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àbúrò mi, kí ẹ fi ìka yín tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ bẹ màmá yín dípò mi. Lẹ́yìn náà, bí àánú bá ṣẹ́kù díẹ̀ nínú yín, ẹ dárí jì mí.